Kí Ló Kàn Wá Nínú Ìròyìn Òṣìṣẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì?

   

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kọjá, a fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì: àwọn tí wọ́n gbé ga, àwọn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, àti àwọn tuntun tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ìwé náà kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta níta tí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa fi dá wa dúró ní gáréèjì Odò-Ọwá níbí. Ó ká ìwé náà mọ́ ọwọ́, ó ní, "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ṣé tísà ni yín ni? Wọ́n gbé ẹnì kan ga ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ sọ fún wa bí owó epo yóò ṣe wálẹ̀." Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá wa dé ilé, a sì rí i pé kò yẹ kí a fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn.

Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá, ó sì kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ta ni ń jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Bí a bá ti gbọ́ orúkọ náà, olùkọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì èyíkéyìí ní agogo mẹ́fà àárọ̀, kí olùkọ́ kankan tó dé. Ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé ni ọlọ́dẹ tó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń gé koríko, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, kápẹ́ńtà, púlọ́ńbà, alásè, ẹni tó ń tẹ ìwé, àti dírẹ́bà tó ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹlòmíràn, àwa náà ni. Dírẹ́bà kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn wà tó ti fi ọkọ̀ akérò ná ọ̀nà Ìlọ́fà sí Òmù-Àrán kí ó tó rí iṣẹ́ ìjọba. Mẹ́káníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì wọn ṣe, abẹ́ ọ̀gá kan náà ni òun àti mẹ́káníìkì tiwa ti kọ́ṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń pọ̀ sí i lágbègbè wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wà ní Òró láti ayébáyé, yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, wọ́n sì ti kọ́ ilé yunifásítì sí Ọ̀sì tó wà nítòsí wa. Kì í ṣe gbogbo ọmọ wa tó bá wọ ọgbà wọ̀nyí lọ ni yóò lọ kàwé níbẹ̀. Òmíràn yóò lọ gbé ọkọ̀, òmíràn yóò lọ so wáyà iná.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti pátákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, pátákó ìkéde máa ń wà. Òmíràn ní gíláàsì níwájú, òmíràn kò ní, òjò a sì máa fọ ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè yóò rò pé ọ̀rọ̀ àríyá àti ọ̀rọ̀ òkú ni gbogbo rẹ̀: lágbájá ṣe ìgbéyàwó, tàmẹ̀dù ń sin ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gba ìgbéga láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. "Láti ọjọ́ kìíní" tí wọ́n kọ yẹn, owó ni. Ẹni tí ìgbéga rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, tí owó rẹ̀ kò yí padà títí oṣù kẹsàn-án fi wọlé, àlékún oṣù mẹ́jọ ni wọ́n jẹ ẹ́, ìwé ara pátákó sì ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìwé kejì sọ pé wọ́n gbé ẹnì kan láti ẹ̀ka kan lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Owó ni ìyẹn náà, nítorí ajẹmọ́nú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán. Ìwé kẹta ni orúkọ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìyẹn nìkan la ó tún padà sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó ní ọjọ́, ó ní ẹni tó fọwọ́ sí i. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí ló mú un yàtọ̀ sí "wọ́n ní." Lọ́dọ̀ tiwa, "wọ́n ní" ló ń ṣèjọba. Wọ́n ní ọ̀gá fẹ́ ta ọkọ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ pákó fẹ́ dá ènìyàn mẹ́fà dúró. Wọ́n ní owó oṣù yóò lé. Fóònù sì tún wá bá a ṣe é: ọ̀rọ̀ tí kò ní ọjọ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́, yóò ti dé ọwọ́ igba ènìyàn lórí WhatsApp kí ó tó di agogo mẹ́wàá. Ẹ kò lè gbé "wọ́n ní" lọ sí kóòtù. Agbẹjọ́rò tí ẹ bá gbé e lọ bá yóò béèrè pé ta ni ó ní bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àánú ló ṣe àwọn ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òṣìṣẹ́ wọn fi ń rí ìwé kà. Ní ọdún 1978 ni ìjọba ológun tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa tò. Ẹgbẹ́ kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n kó pọ̀ di 42, wọ́n dá NLC sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà, Hassan Sunmonu sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú àwọn 42 náà ni NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe olùkọ́. Ọdún 1978 kan náà ni NURTW, ẹgbẹ́ awakọ̀ èrò, bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, bí a bá fi ọdún ìbí wò ó, ìbejì ni ẹgbẹ́ wọn àti ẹgbẹ́ awakọ̀. Báwo ni Táyé ṣe wá ní ìwé lọ́wọ́, tí Kẹ́hìndé kò ní? Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì mú ọ̀rọ̀ ìwé ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Àwa mú ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan nínú wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ foríjì wá, ṣùgbọ́n a kò ní pa á rẹ́.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fi ìwé gbà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 2012, òfin kan jáde ní Àbújá tó sọ ti òṣìṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àti ti pólì di ọdún 65. Ní ọdún 2022, àwọn tísà náà gba tiwọn: ọdún 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Lóòótọ́, láti Àbújá dé ẹnu iṣẹ́ jìnnà. Ìpínlẹ̀ wo ló ti tẹ́wọ́ gba òfin náà, ipò òṣìṣẹ́ wo ló kàn, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń wà. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ jókòó sílé kí ó máa fi orí ara rẹ̀ ṣírò ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì.

Èyí ló mú wa dé orí bàbá kan. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ṣiṣẹ́, nítorí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni ni a ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni bàbá yìí nígbà tó ń gbé ọkọ̀ akérò. Lẹ́yìn náà ni ó rí iṣẹ́ dírẹ́bà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í sáré. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń pariwo pé kí ó tẹ iná, a ní òun kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan pẹ́ dé ọ̀run rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ti ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́rin dé. Ó lọ dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà, ó sì yà sí ìdí pátákó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló rí. Wọ́n to orúkọ mẹ́sàn-án tí yóò fẹ̀yìn tì kí ọdún tó parí, tirẹ̀ ló ṣe ìkeje. Ó ku oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀.

Bàbá yìí rò pé ó ku ọdún mẹ́ta. Kò fẹ́ fi ọjọ́ orí ṣe jìbìtì o. Ọdún tó wà nínú káàdì ìrìbọmi rẹ̀ ni ó mọ̀, òun náà ló sì kọ sórí káàdì ìdìbò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó wọṣẹ́, akọ̀wé kan ló bá a kọ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé béèrè ọdún tí wọ́n bí i. Káàdì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ríṣẹ́, ó ní, "Ẹ ṣáà fojú bù ú." Akọ̀wé fojú bù ú. Ojú tí akọ̀wé fi bù ú lọ́jọ́ náà, ọdún mẹ́ta ló jẹ lọ́wọ́ bàbá.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, a rí i pé ẹkún ló ń pa mọ́ra. Ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi kan òrùlé ilé rẹ̀, wọ́n sì ti pín sísan rẹ̀ sí ọgbọ̀n oṣù. Ọmọ rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kejì ní pólì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." A ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo fáìlì yín ná." Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, méjì nínú wa sì bá wọn wọlé.

Fáìlì náà nípọn bíi Bíbélì. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni a lò nídìí rẹ̀.

Lórí ọjọ́ orí, a kò rí nǹkan ṣe, a kò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba ni pé ọjọ́ orí tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ nígbà tó wọṣẹ́ ni wọn yóò máa lò títí dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà nígbà tí ìfẹ̀yìntì kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú oníjìbìtì ni wọn yóò fi wò ó, ó sì lè pàdánù ju ọdún mẹ́ta lọ. Ẹgbẹ́ kò lè ra ọdún padà fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣí ìwé lọ, a rí nǹkan mìíràn. Bàbá ní lẹ́tà ìgbéga kan nínú àpótí nílé, ẹ̀dà rẹ̀ kò sí nínú fáìlì. Nínú ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ti ń ṣe sílẹ̀ fún un, ipò tó wà kí wọ́n tó gbé e ga ni wọ́n lò. Bí ikán bá ti jẹ lẹ́tà yẹn, bí aya rẹ̀ bá ti fi dáná, bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá máa san owó tó dín fún un títí tí yóò fi kú. Lẹ́yìn èyí a dé ojú ewé tó sọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ bí ó bá ṣaláìsí. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá náà ti kú tipẹ́tipẹ́. Ìyàwó àti ọmọ márùn-ún, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá mi náà ni mo mọ̀ nígbà yẹn."

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò bá wa jà. Ó gba ẹ̀dà lẹ́tà, ó fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n tún ìṣirò ṣe, ó sì fún bàbá ní fọ́ọ̀mù tuntun láti fi orúkọ ìyàwó àti ọmọ sí i. Ó tún ní bí òṣìṣẹ́ bá ń wá wo ìwé wọn lọ́dọọdún, iṣẹ́ òun ì bá fúyẹ́. A dá a lóhùn pé bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ń lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì síta ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, tó ń kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà lọ́wọ́ kí ó tó rí i lára pátákó, iṣẹ́ tiwa náà ì bá fúyẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. A ṣì ń retí rẹ̀.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ tí wọ́n kọ. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní aago ńlá tí a ń gbé kọ́ ògiri. Ẹni tí kì í kánjú ni wọ́n fún ní aago. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbà kí ó máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà tó gùn sí i. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní pólì, ó ń bá kápẹ́ńtà ṣiṣẹ́ nígbà ọlidé.

Ẹ jẹ́ kí a padà wá sí gáréèjì àti ilé iṣẹ́ tiwa. Bàbá yìí, pẹ̀lú gbogbo ìdààmú rẹ̀, ó ní fáìlì. Ó ní pátákó tó ti rí orúkọ ara rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí ẹnì kan lè sọ pé kí wọ́n tún ṣe. Ta ni nínú wa ló ní irú rẹ̀? Ní ìpàdé ẹ̀ka wa, a ní kí ẹni tó bá ní lẹ́tà ìgbàṣiṣẹ́ nawọ́ sókè. A ka ọwọ́ náà, a tún un kà, ojú sì ń tì wá láti kọ iye rẹ̀ síbí.

Ẹ má ṣe rò pé kò sí òfin fún wa. Òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, tó ṣì wà nílẹ̀ títí di òní, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ ti wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé. Ìwé náà yóò sọ orúkọ ẹni tó gbà á, irú iṣẹ́ tí yóò ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ọlidé, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi kìlọ̀ fún ara wọn bí wọ́n bá fẹ́ pínyà. Bí ohunkóhun bá yí padà nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà fún un kí oṣù kan tó kọjá. Òfin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nítorí àwọn onífáìlì. Òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ọ́fíìsì gan-an ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó ń lọ ìrẹsì, ẹni tó ń la pákó, ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, dírẹ́bà tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ olówó ọkọ̀.

Òfin kan náà sọ ti ìkìlọ̀. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni. Láti oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Bí ìkìlọ̀ bá sì ti tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kì í ṣe wíwí. Ẹ fi èyí wé "Má wulẹ̀ wá ní Mọ́ńdè" tí àwọn kan nínú wa ti gbọ́ ní alẹ́ Sátidé.

Ti owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 kò fi ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ yóò dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò fi 10 tì í. Ẹ jẹ́ kí a fi 70,000 náírà ṣírò rẹ̀, èyí tí òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Tí òṣìṣẹ́ jẹ́ 5,600, ti ọ̀gá jẹ́ 7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,600 lóṣù, 151,200 lọ́dún. Kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n san owó oṣù, owó yìí gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ó sì ti wà lórúkọ òṣìṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ó bá pẹ́, owó ìtanràn wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí kò mọ nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí ó béèrè rẹ̀ lọ́la, kí ó má dúró di ọ̀túnla. Dírẹ́bà tí kò ní ọ̀gá, tó kàn ń dá owó fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, lè ṣí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ọdún 2019, kí ó máa fi ìba tó bá ní sí i.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ìjàǹbá. Bí ẹ̀rọ bá gé ọmọ iṣẹ́ ní ìka, wọn a gbé e lọ sí kẹ́mísì, wọn a fún un ní owó oúnjẹ, ó parí. Òfin ọdún 2010 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tàbí ènìyàn rẹ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi tó àjọ NSITF létí láàrin ọjọ́ méje, nítorí owó kan wà tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá síbẹ̀ fún irú rẹ̀. Ọjọ́ 14 kì í pẹ́ kọjá lára ẹni tí ń jẹ̀rora. Ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ ni kí ó bá a kọ ọ́, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó kọ agogo tó ṣẹlẹ̀ àti orúkọ ẹni tó rí i.

Ọ̀rẹ́ wa kan gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Ọ̀gá mi dà bí bàbá fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí bàbá mi kọ ìwé fún mi? Yóò rò pé n kò fọkàn tán an." A gbọ́ ọ yé. Ènìyàn rere pọ̀ láàrin àwọn ọ̀gá ibí yìí, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìwé bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tí kò mọ̀wé kọ, pèrègún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà oko. Láàrin ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n ti ń gbìn ín, nígbà tí wọ́n ṣì fẹ́ràn ara wọn, kí àwọn ọmọ wọn má baà bá ara wọn jà. Kò sí ẹni tó bínú sí pèrègún. Ọ̀gá rere lè kú, kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti Èkó wá gba ilé iṣẹ́. Kí ni ẹ ó fi hàn wọ́n pé ọdún kejìlá yín rèé níbẹ̀?

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ojú ewé ìròyìn òṣìṣẹ́ kò ní kúrò nínú ìwé yìí. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò máa wà níbẹ̀ nítorí a ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ lára rẹ̀. Tiwa yóò sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ẹni tí owó rẹ̀ lé, ẹni tó fara pa, ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó kú àti àwọn tó fi sáyé. Ẹ má ṣe mú ìròyìn ìyàwó kejì wá fún wa, a kò ní tẹ̀ ẹ́. Kápẹ́ńtà kan nínú ẹgbẹ́ ti ṣèlérí láti kan pátákó fún ọ́fíìsì ẹ̀ka lẹ́bàá gáréèjì, ó ní owó gíláàsì nìkan ni kí a wá. Ẹ bá wa wá a.

Akọ̀wé ẹ̀ka ti ra ìwé ńlá kan. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú ohun tó bá ní lọ́wọ́ wá: lẹ́tà ìgbàṣiṣẹ́, ìwé owó oṣù, káàdì ìfẹ̀yìntì, káàdì ìrìbọmi tàbí ìwé ọjọ́ ìbí. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, a ó sì dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, kí ó wá bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀, ibi tó ń ṣiṣẹ́, àti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ la ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó mọ ẹni tí a ó kọ lẹ́tà sí.